Ọmọ Tí Fusae Kò Fẹ́ Kí Ó Padà

Ìkàn so lẹ́yìnkùnlé Fusae àbúrò mi lọ́dún náà débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo wọlé rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tí àwọn òkú wa ń wálé fún Obon, ọdún tí a fi ń gbà wọ́n lálejò, tí mo rí i pé kùkúmbà nìkan ló wà lórí pẹpẹ, mo mọ̀ pé nǹkan ti yíwọ́.

Gbogbo ilé tó wà ní èbúté wa ló mọ bí a ṣe ń ṣe é. A ó ki igi wẹ́wẹ́ mẹ́rin bọ kùkúmbà lábẹ́, ó di ẹṣin nìyẹn, kí òkú ilé lè gùn ún wálé kíákíá. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkàn, òun náà á di màlúù, kí wọ́n lè rọra gùn ún padà lọ́jọ́ tí Obon bá parí. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń ṣe é. Ẹṣin dúró níwájú fọ́tò Shuhei, ọmọ kan ṣoṣo tí Fusae bí. Màlúù kò sí.

"Fusae, màlúù dà?"

Kò wo ojú mi. Ó ń to èso sínú àwo. "Ìkàn wọ́n lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìkàn wọ́n? Èyí tó fẹ́ẹ̀ gbé mi ṣubú lẹ́yìnkùnlé ẹ báyìí ńkọ́, ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni?"

Ó ń to èso rẹ̀ lọ. Ẹnu èmi Nobue kì í gbé jẹ́ẹ́, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mi dé lọ́jọ́ náà. Ìgbà ìwọ́wé tó kọjá ni Shuhei bá ọkọ̀ apẹja lọ, ọkọ̀ dojú dé, òkun gbé e, kò sì dá a padà. A kò rí èékánná rẹ̀ sin. Àwọn àgbà ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Ti Fusae kú, ó tún nù. Obon rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Ẹni tó bá fún òkú rẹ̀ ní ẹṣin, tí kò fún un ní màlúù, ohun tó ń sọ fún un ni pé: máa bọ̀, má sì padà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ òkú tí a kò sìn padà kì í dá jókòó. Yóò wá ẹnì kan tí yóò mú mọ́ra. Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe nítorí Fusae, bí kò ṣe nítorí ọmọ tó ń sùn ní yàrá Shuhei.

Corinne lorúkọ rẹ̀. Kórín ni ẹnu wa gbà. Ọmọbìnrin Amẹ́ríkà ni, ó wá kọ́ èdè wa ní yunifásítì tó wà lórí òkè fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé ẹ̀kọ́ a máa pín irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ sílé àwọn ará ìlú, Fusae sì gba tirẹ̀ nítorí pé ilé ti dákẹ́ jù fún un. Ọ̀sẹ̀ tó kù fún ọmọ náà lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti fi èdè wa sọ̀rọ̀ ìdágbére. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, ó di inú bàálù.

Ọmọ dáadáa ni. Ó ga bí òpó iná, ojoojúmọ́ ni àtẹ́rígbà ilé Fusae ń gbá a lórí, á sì tẹrí ba fún àtẹ́rígbà náà, á ní, "Ẹ má bínú." Èdè wa a máa ta kókó lẹ́nu rẹ̀ bí òwú. Màámi ló ń pe Fusae, Ìyá Àgbà ló ń pè mí. Mo ti sọ fún un títí pé n kò bí ìyá ẹnikẹ́ni, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà."

Òkun ló fẹ́ràn jù. Tó bá ti ti kíláàsì dé, omi ló ń bọ́ sí. Mo pè é jókòó ní ọjọ́ Ajé yẹn.

"Kórín, láti òní lọ títí Obon á fi parí, o ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan òkun."

"Kí ló dé, Ìyá Àgbà?"

"Àwọn tó kú síbẹ̀ ń gba ibẹ̀ wálé. Wọ́n máa ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀. Ìjì ńlá kan sì tún wà níbi tó jìnnà lórí omi, ìgbì ẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó bá wù ẹ́ ni kó o gbà gbọ́ nínú méjèèjì."

"Méjèèjì ni mo gbà," ló wí. Ó sì tẹ̀lé e. N kò rí ọmọ tó gbọ́ràn tó o.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ìrẹsì gígún tí a fi ẹ̀wà pupa bò lọ fún wọn. Wọ́n ti wà nídìí oúnjẹ. Inú Kórín ń dùn ṣìnkìn.

"Màámi, mo lálàá. Ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn fèrèsé yàrá mi, omi ń ro lára aṣọ ẹ̀. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló yé mi! N ò ronú rárá. Ó kàn ń yé mi bí ìgbà tí mo wà nílé wa ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó yé yín: ohun tí ọmọ náà kọjá òkun wá nìyẹn. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń wá a. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù kò fi bà á.

Fusae sún mọ́ ọn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. "Kí ló sọ?"

"Ó ní ẹsẹ̀ òun tutù. Ó ní kí n wá bá òun lúwẹ̀ẹ́."

Fusae gbé ife kalẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Shuhei ni! Ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í móoru láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́? Shuhei ni!"

Ojú rẹ̀ tàn. Láti ìgbà ìwọ́wé, n kò rí i kí ojú rẹ̀ tàn bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ jìnnìjìnnì ni ó bò mí.

Láti ọjọ́ náà, Fusae kò bi ọmọ yẹn léèrè mọ́ bóyá ó sùn dáadáa. "Kí ló sọ?" ni ìkíni rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ Shuhei fún un, ẹja dídín pẹ̀lú ata ilẹ̀ púpọ̀. Oòrùn kì í tíì wọ̀ tán tí yóò fi tẹ́ ibùsùn fún un. "Lọ sùn, ọmọ mi. O ti rẹ̀ ẹ́. Lọ sùn." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Rírú, èmi àti Kórín dúró níwájú ìsọ̀ bàbá ẹlẹ́ja. Oníyẹ̀yẹ́ ni bàbá yìí, òun àti Shuhei sì jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí bàbá tó fi omi sílẹ̀.

"Òyìnbó gíga," ló wí, "bẹ̀rẹ̀ kó o wo ẹja, àbí kí n bá ẹ gbé àkàbà wá?"

Kórín kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Bàbá arúgbó, ẹja tó o fi ń yangàn yìí, ìyá mi á fi ta ológbò lọ́rẹ, ológbò á sì bínú."

Kì í ṣe ohun tó sọ ló dẹ́rù bà wá. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń ta kókó lẹ́nu rẹ̀ lánàá ló sọ ọ́ geere, bí àwọn apẹja wa ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú ṣùtì yíyọ àti èjìká sísọ. Kò sí olùkọ́ kankan lórí òkè yẹn tó lè kọ́ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ bàbá ẹlẹ́ja. Ẹ̀jẹ̀ ẹja ń kán sórí bàtà rẹ̀, kò mọ̀.

"Ìyá Nobue," ó rọra pè mí, "ta ló kọ́ ọmọ yìí ní bí Shuhei ṣe ń bú mi?"

Mo fa ọmọ náà kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ń fọ ẹja láti àárọ̀, nínú ooru tó ń mú gbogbo wa làágùn.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí a ń sin òkú padà, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Mo dúró dè é níbi tó ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹ̀kọ́.

"Kórín, wo ojú mi. Sọ òótọ́ fún mi. Àwọn àlá yẹn, ṣé ò ń lá wọn?"

Omijé bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ti ń retí kí ẹnì kan béèrè.

"Ti àkọ́kọ́, òótọ́ ni, Ìyá Àgbà. Ti àná, mo parọ́ ni. N ò lá nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Màámi ti jókòó, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní kí ló sọ. Mo bá sọ pé ó ní ẹja tí wọ́n dín dùn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Wọ́n ti tọ́jú mi púpọ̀. N ò ní nǹkan míì tí mo lè fún wọn."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìyẹn, kò dúró de oorun mọ́. Mo ń gbọ́ ọ báyìí tí mo la ojú sílẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti ń fi ẹnu òun sọ̀rọ̀, kí èmi náà yá òun ní tèmi."

Orí mi wú. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì nínú oòrùn àárọ̀, ènìyàn ń kọjá, mo di apá ọmọ náà mú.

"Gbọ́ mi. Tó o bá parí lónìí, má lọ sílé Fusae. Ilé mi ni kó o ti bọ́ọ̀sì bọ́ sí tààrà. Ọ̀dọ̀ mi lo máa sùn títí tó o fi máa lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá Àgbà."

Bọ́ọ̀sì gbé e lọ. Mo yà lọ sẹ́yìnkùnlé Fusae, mo já ìkàn tó tóbi jù, mo ki igi mẹ́rin bọ̀ ọ́ lábẹ́, mo sì gbé e wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Ó ń gbá ilẹ̀ níwájú pẹpẹ.

"Màlúù rèé. Òní la ń sìn wọ́n lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wàá dáná ìdágbére sẹ́nu ọ̀nà bíi ti gbogbo èèyàn."

"N ò dáná kankan."

"Fusae, ọmọ yẹn ń kú lọ lójú ẹ."

"Kò kú. Ó ń bá Shuhei sọ̀rọ̀ ni." Ó gba ìkàn náà lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ síta láti ojú fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bímọ rí. Ẹ ò lè mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ìgbà tí a ti dàgbà, kò sọ ọ́ sí mi rí, a sì ti jà dáadáa láyé wa. Mo jókòó sórí ẹní.

"Òótọ́ ni. Èmi ò bí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan bí Kórín. Ẹni yẹn máa dúró ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ Àìkú, á máa na ọrùn wò ó láàárín èrò. Ṣé ìwọ lo máa lọ bá a níbẹ̀, kó o sọ fún un pé o ti fi ọmọ ẹ̀ dí àyè tìẹ?"

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. "Ọjọ́ díẹ̀ péré ni mo fẹ́ kó lò sí i. Kí n kàn rí i kó jẹun."

Mo fẹ́ bínú, n kò rí ìbínú náà. Àánú rẹ̀ ni ó ṣe mí. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi ń tẹ̀ sí apá òkun. Bọ́ọ̀sì tó ń ti orí òkè bọ̀ dúró lójú títì. Mo jáde síbẹ̀, Fusae tẹ̀ lé mi. Ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin méjì sọ̀, ilẹ̀kùn fẹ́ padé.

"Awakọ̀, ọmọ òyìnbó tó ga yẹn ńkọ́?"

"Ọmọ yẹn? Ó ti sọ̀ kalẹ̀ létí òkun," ni awakọ̀ wí. "Mo tiẹ̀ ní kó ṣọ́ra o, pé ìgbì le lónìí. Ó ní ẹnì kan ń dúró de òun."

A sáré. Ọjọ́ orí mi ti kọjá eré sísá, orúnkún mi ń ké, mo sì ń sá. Láti ìgbà ìwọ́wé, Fusae kò tíì tẹ etí òkun. Tó bá fẹ́ ra ẹja pàápàá, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà kí ó má baà rí omi. Lọ́jọ́ náà, òun ló ṣáájú mi.

Àsíá pupa ìkìlọ̀ ń fẹ́ lórí òpó. Kò sí ẹnìkan létí omi, nítorí ta ni yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òkú ń padà? Bàtà Kórín la kọ́kọ́ rí. Ó tò wọ́n ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀ lórí iyanrìn, bí Fusae ṣe kọ́ ọ láti máa tò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ilé, a máa ń yí imú bàtà síta, kí ẹni tó wọlé lè rí i wọ̀ nígbà tó bá ń jáde. Imú bàtà tirẹ̀ kọjú sí òkun, bíi ti ẹni tí kò ní í jáde mọ́.

Ó ti wà nínú omi dé ìbàdí, pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Mo pè é títí ohùn mi fi há, kò wẹ̀yìn. Fusae pè é lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú.

"Màámi, ẹ má pariwo mọ́," ló wí. Kò sí kókó kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Àwa méjèèjì jọ ń lọ lúwẹ̀ẹ́ ni."

Ìgbì dìde lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i kí òun tó rí i. Ó ga, ó dúdú, ó wó lé e lórí, a kò sì rí orí kankan mọ́.

Fusae kò bọ́ aṣọ, kò bọ́ bàtà. Ó wọ omi bí ẹni tó ń wọ yàrá tí iná ń jó. Èmi kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo dúró nínú iyanrìn títutù, mo ń pe gbogbo òrìṣà tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí láyé mi. Mo rí ọwọ́ Fusae, mo rí irun pupa ọmọ náà nínú ọwọ́ ọ̀hún, omi sì ń fa àwọn méjèèjì lọ. Ó ń fà wọ́n, kò yára, bí ẹni tó di ènìyàn lápá mú tó sì ń mú un lọ sílé. Mo rò nínú ara mi pé mo ti di ẹni tí kò ní àbúrò.

Nígbà náà ni Fusae lọgun. Kì í ṣe Kórín ló ń bá wí.

"Shuhei! Fi í sílẹ̀! Ọmọ ọlọ́mọ ni! Mo ní kó o fi í sílẹ̀! Kúrò lára ẹ̀! Máa lọ!"

Ohùn ìyá ni, ohùn tí a fi ń jágbe mọ́ ọmọ tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ iná. Àwọn apẹja sọ fún mi lẹ́yìn náà pé irú ìṣàn omi bẹ́ẹ̀ kì í fa ènìyàn jìnnà, pé tó bá ti kọjá òkìtì iyanrìn tó wà lábẹ́ omi, yóò tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ó pariwo, omi sì dẹwọ́. Ìgbì tó tẹ̀ lé e gbé wọn wá sí ẹsẹ̀ mi.

Kórín pọ omi iyọ̀. Ó pọ̀ ọ́, ó pọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ó sì ń pe ìyá rẹ̀ tó bí i lọ́mọ, ní èdè tirẹ̀, lápètúnpè. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún wa. Mo gba apá rẹ̀ mú. Ó ti ń móoru.

Fusae jókòó sínú iyanrìn, ó gbé orí ọmọ náà lé itan. Ó jẹ́ kó sunkún tán. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Kórín, nígbà tí mo lé e... ṣé ó wí nǹkan?"

Mo mọ ohun tí ọmọ yìí lè ṣe nítorí kí obìnrin kan lè rẹ́rìn-ín. Ó wo òkun, ó wo ojú Fusae. Ọ̀rọ̀ ti tún ń ta kókó.

"Màámi... n kò... mi ò gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Fusae mi orí. Ó rọra ń gbọn iyanrìn kúrò nínú irun ọmọ náà. Lẹ́yìn wa, èéfín ti ń yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìlú. Kálukú ń fi iná àti ọ̀rọ̀ tútù sin òkú tirẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "mo jágbe mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ọmọ mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo lé e bí ẹni lé ajá. N ò tiẹ̀ ní kó rọra máa lọ."

Mo wá ọ̀rọ̀ títí. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń sá fún ẹnu mi. Mo jókòó tì í nínú omi tó ń wá, tó ń padà.

"Ó gbọ́ ẹ, Fusae. Ẹ̀ẹ̀kan lo pè é, ó sì ṣe bó o ṣe wí. Kò ṣàìgbọràn sí ẹ."

Ìgbà náà ló tó gbé ọwọ́ lé orí, tó sì sun ẹkún ẹni tó sin ọmọ.